Thomas Birch Freeman: ta ló pè é wá sí Àgbádárìgì, ta ló sì dúró kọ́ àwọn ọmọ?

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú àpéjọ yìí. Èmi ni wọ́n yàn ní ìjọ wa láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn bí ìgbàgbọ́ Kristi ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé pélébé tí wọ́n fún mi kò sọ ju ohun mẹ́ta lọ nípa Thomas Birch Freeman, míṣọ́nárì Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì: pé ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, pé ó wàásù lábẹ́ igi Àgíà, àti pé òun ló ṣe ìsìn Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ta ló ránṣẹ́ pè é?" N kò rí èsì fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa ọkùnrin yìí, mo sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Abúlé Twyford ní ẹkùn Hampshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, débi pé ó di olórí àwọn tí ń tọ́jú ọgbà ọlọ́lá kan, Sir Robert Harland, nítòsí ìlú Ipswich. Ìgbà tó di ọmọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni àárín òun àti ọ̀gá rẹ̀ kò gún mọ́, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1838, òun àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ dé Cape Coast ní ilẹ̀ tí ó di Gánà. Kí oṣù méjì tó pé, ìyàwó ti kú. Joseph Dunwell, míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì tó kọ́kọ́ débẹ̀ ní ọdún 1835, kò lò ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó kú, bẹ́ẹ̀ ni ikú kó àwọn tí wọ́n rán tẹ̀ lé e lọ, tọkọtaya lẹ́yìn tọkọtaya. Freeman nìkan ló dúró, ilẹ̀ náà ló sì fi ọdún tó lé ní àádọ́ta ṣe ilé títí ó fi kú ní Accra ní ọdún 1890.

Ibi tí mo kọ̀ sí nìyí: Cape Coast ni wọ́n rán an sí. Kí ló gbé e dé Àgbádárìgì?

Ọmọ Sàró

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ọmọ yín béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò béèrè rí. Lẹ́tà ló gbé e débẹ̀.

Ẹ rántí pé àwọn ọkọ̀ ogun òkun Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú omi, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìwé, tí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì di onígbàgbọ́. Àwọn ará Freetown ń pe àwọn Yorùbá ní Aku nítorí ìkíni wa, "ẹ kú, ẹ kú", tí kò kúrò lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Freeman lò nínú àkọlé ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1844, níbi tó ti to ìjọba Aku pọ̀ mọ́ ti Aṣántì àti ti Dàhómì. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ pé àwọn òyìnbó mọ̀ wá mọ ìkíni wa kí wọ́n tó mọ orúkọ wa.

Ní ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ padà wá sílé, Àgbádárìgì sì ni èbúté tí ọ̀pọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. James Ferguson wà lára àwọn tó jókòó sí Àgbádárìgì. Ní ọdún 1841 ó kọ lẹ́tà sí àwọn aṣáájú Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán ẹni tí yóò wàásù fún àwọn tó padà dé, tí yóò sì tún sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún àwọn tí wọ́n bá nílé. Ẹ̀bẹ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Freeman ló wà nítòsí jùlọ, òun ni wọ́n sì ní kó lọ.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹrú rí ló kọ lẹ́tà náà. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé Sàró kan tó mọ ìwé kọ ló ránṣẹ́ pè é.

Ará Aké

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Sàró péye. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Abẹ́òkúta kún un, nítorí àwọn ènìyàn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé Àgbádárìgì nìkan ni ọkùnrin náà dé.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1842 ni Freeman wọ Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá nígbà náà, sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Abẹ́òkúta kò tíì ju ọdún méjìlá lọ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sábẹ́ Olúmọ. Ìlú àwọn ènìyàn tí ogun tú ká ni, kò sí agbo ilé kan tí kò ní ọmọ tó sọnù sọ́wọ́ akónilẹ́rú. Ẹ wá fojú inú wo ìyá kan tó ti sunkún ọmọ rẹ̀ tán, tó ti kà á mọ́ òkú, tí ọmọ náà sì wá yọ lójijì láti ọ̀nà etíkun, ó wọ aṣọ òyìnbó, ó mú ìwé dání, ó ń sọ Ẹ̀gbá ketekete. Iṣẹ́ òyìnbó tí àwọn Ẹ̀gbá ti fojú rí nìyẹn kí òyìnbó oníwàásù kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ẹnu dídùn Freeman ló ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Àwọn ọmọ tó padà wálé ti ṣí i sílẹ̀ dè é.

Ṣódẹkẹ́ náà kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀ràn ìlú. Dàhómì wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ó ń wo Abẹ́òkúta. Ọ̀nà òkun kò já gaara. Ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tó bá ní ọkọ̀ ogun lójú omi yóò wúlò fún ìlú òun. Ó ní ìfẹ́ sí àlejò rẹ̀ lóòótọ́, ó sì tún mọ ohun tó ń ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni Freeman padà dé Àgbádárìgì, ó sì bá Henry Townsend ti Ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, tí òun náà ń lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n pàdé bí ará, wọ́n jọ sin Ọlọ́run, Townsend sì dé Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1843. Gbogbo àríyànjiyàn "àwa la kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé wa" tí àwọn ìjọ méjèèjì ń ṣe títí di òní, àwọn ọkùnrin méjì náà kò bá a débẹ̀.

Afẹ́-Òótọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun méjì kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀.

Àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn ti ń sọ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì pé Freeman ló kọ́ ilé alájà tó wà ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ti Ìjọ Áńgílíkà nìyẹn, C. A. Gollmer, míṣọ́nárì wọn, ló sì kọ́ ọ ní ọdún 1845. Ọparun ni Freeman fi kọ́ ilé tirẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ Kérésìmesì. Àwọn Sàró onígbàgbọ́ ti wà ní Àgbádárìgì láti ọdún 1839. Ṣé a wá fẹ́ sọ pé ọdún mẹ́ta gbáko kọjá, tí àwọn tó ń pé jọ gbàdúrà, tí wọ́n mọ orin ìsìn lórí, kò ranti ọjọ́ ìbí Olúwa wọn títí Freeman fi dé? Ohun tí a lè sọ ni pé ìsìn Kérésìmesì ti ọdún 1842 ni ti àkọ́kọ́ tí míṣọ́nárì darí ní Àgbádárìgì. Ó dára kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Mo gba àtúnṣe méjèèjì, mo sì dúpẹ́. Mo ti kọ èkejì sí etí ìwé pélébé náà. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa William de Graft? Mo rí orúkọ rẹ̀ pé ó bá Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìwé wa kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá.

Àtìpó Cape Coast

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé nílùú yìí, mo sì máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí Freeman ṣí ní ọdún 1838. Orúkọ de Graft kì í ṣe àjèjì létí mi, n ó sì sọ ohun tí mo mọ̀, bí yóò tilẹ̀ gùn díẹ̀.

Ọmọ Fáńtì ni. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ti lọ sí ilé-ìwé tó wà nínú odi Cape Coast ń pé jọ láti ka Bíbélì láàrin ara wọn, láìsí àlùfáà kankan. Bíbélì kò kárí wọn. De Graft bẹ ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Potter pé kó bá àwọn ra Bíbélì bọ̀ láti ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wú Potter lórí, ó lọ sọ fún àwọn Mẹ́tọ́díìsì nílé, wọ́n sì fi Dunwell ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ Potter pẹ̀lú àwọn Bíbélì. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Ọmọ Sàró sọ nípa lẹ́tà Ferguson, kí ẹ fi wé èyí. Ní Cape Coast àti ní Àgbádárìgì, àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ti mọ ìwé kà ló ránṣẹ́, kí míṣọ́nárì tó dé.

Freeman fẹ́ràn de Graft gan-an. Ó mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1840, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń bẹ àwọn ìjọ fún owó iṣẹ́ Aṣántì. Nítorí Freeman ti dé Kumasi, olú-ìlú Aṣántì, ní oṣù Kẹrin ọdún 1839, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró ní Fomena, ìlú kan lójú ọ̀nà, fún ohun tó lé ní oṣù kan kí ọba tó ní kó máa bọ̀. Ìgbà tó padà lọ ní ìparí ọdún 1841, ó sin àwọn ọmọ aládé Aṣántì méjì wọlé, Owusu Ansah àti Owusu Nkwantabisa, tí wọ́n ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan lọ́wọ́ láti fi ta ọba Kwaku Dua lọ́rẹ. Ilẹ̀ igbó ni o, kò sí títì. Ènìyàn ló fi ọwọ́ fa kẹ̀kẹ́ náà láti etíkun, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń la odò, títí ó fi dé ààfin. Iṣẹ́ yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rí ọ̀nà Kumasi ti òde òní.

Àgbádárìgì ni mo fẹ́ dé. Freeman kò dúró níbẹ̀. Kété tí ọdún 1843 wọlé, ó kọrí sí Dàhómì lọ rí ọba Gezo ní Abomey. De Graft àti ìyàwó rẹ̀ ló fi sílẹ̀, àwọn ló sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé tí a ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn Sàró. Ọmọ Fáńtì ló di wọ́n lọ́wọ́ mú láti kọ A, B, D.

Èdè-Abínibí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òwúrọ̀, inú mi sì dùn, àmọ́ ohun kan ń dùn mí tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Freeman lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì kọ́ èdè kankan níbẹ̀ tó fi lè wàásù. Ògbufọ̀ ló ń lò lọ́dọ̀ Fáńtì, lọ́dọ̀ Aṣántì, lọ́dọ̀ Ẹ̀gbá àti lọ́dọ̀ Gezo. Ẹ fi wé Ajayi Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, tó sì fi Yorùbá wàásù ní Freetown ní ọdún 1844. Ẹni tí yóò kọ́ni gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ. Arìnrìn-àjò ni mo ka Freeman sí, aṣojú ìjọ lọ́dọ̀ àwọn ọba ni, n kò lè pè é ní olùkọ́.

Àgbẹ̀ Ìlọ́ràá

Mo gba ti Èdè-Abínibí nípa èdè, mo sì rò pé ó ká a lára lọ́nà tó tọ́. Àmọ́ mi ò gbà pé kì í ṣe olùkọ́. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀ ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú tí mo sì fi ń wo Freeman ni ojú ẹni tó bá ilẹ̀ lò.

Ó ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Beulah, kò jìnnà púpọ̀ sí Cape Coast. Freeman dá oko àti ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn ọmọ máa kàwé kí wọ́n sì máa ro oko pọ̀. Ó gbin kọfí, ó gbin ata ilẹ̀, ó gbin ólífì àti igi èso àjàrà láti mọ èyí tí ilẹ̀ yóò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin igi tuntun rí mọ ohun tí mò ń sọ: ọdún àkọ́kọ́, ewé ni ẹ ó máa kà, ọdún kejì, ẹ ó máa wá kòkòrò lábẹ́ ewé, ẹ kò lè dúró sórí ìjókòó kí ẹ sọ pé ó ti yè. Ọmọ tó bá ṣe èyí pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́, ògbufọ̀ kò sí láàrin wọn nígbà tí ọkọ́ bá ń wọlẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ lọ́dọ̀ Harland ló gbé wá sí Áfíríkà, àwọn tó rò pé ó fi ọgbà sílẹ̀ di míṣọ́nárì kò rí i tán.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni owó. Kò mọ bí a ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá rí ìlú tí kò ní ilé-ìwé, yóò ṣí i lónìí, yóò sì máa wá owó rẹ̀ lọ́la. Gbèsè náà ga títí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi rán ènìyàn wá yẹ ìwé owó wò, ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1857. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé ó fi sápò ara rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Accra fún ọdún mélòó kan, ó sì ń dáko. Ní ọdún 1873, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere, kò sì sí ẹni tó fipá mú un.

Èdè-Abínibí

Bàbá Àgbẹ̀, ẹ ṣeun. N kò mọ̀ nípa Beulah tẹ́lẹ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà sí apá kan: olùkọ́ ni níbi tí ọwọ́ bá ti lè sọ̀rọ̀. Ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i. Ní ti igi Àgíà tí Olùkọ́ mẹ́nu bà, ìjì ló wó o ní oṣù Kẹfà ọdún 1959. Ọmọdé ni bàbá mi nígbà náà, ó sì máa ń sọ fún wa pé ariwo tó ṣe kò jọ ti igi, pé àwọn ènìyàn sáré jáde wá wò ó, àwọn àgbàlagbà sì dúró tì í bí ẹni tó dúró ti òkú. Òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi yan abẹ́ igi láti wàásù, nítorí oòrùn etí ọ̀sà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dúró sí gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

Orúkọ Freeman ni gbogbo àlejò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń mú wọn rìn káàkiri ìlú. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, n kò tíì pàdé ẹnì kan tó béèrè Ferguson lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Mo ti rí ohun tí n ó ṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà láti Freetown, n kò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti inú ọkọ̀ Freeman mọ́. N ó kọ orúkọ Ferguson sójú pátákó, n ó kọ ti de Graft sábẹ́ rẹ̀, n ó kọ ti Freeman tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni n ó pín bébà fún àwọn ọmọ, kí oníkálukú fi ara rẹ̀ sípò Ferguson, kó kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí Freetown láti béèrè fún olùkọ́. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ ni n ó ní kó kọ́kọ́ ka tirẹ̀ sókè.